Kí Ẹ Tó Ra Gáàsì: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Ṣe AC Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Bí AC ọkọ̀ kò bá tutù mọ́ nílùú Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ni ọkọ̀, lẹ́nu dẹ́rẹ́bà, àti lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tún un ṣe: "Gáàsì ti tán." Wọ́n á wa ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀ oníṣẹ́ AC kan ní Ring Road tàbí Challenge, wọ́n á fa gáàsì sí i, owó á jáde. Nígbà mìíràn òtútù á wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó tún lọ. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní í wá. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ̀ tó ti dàgbà kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ṣí gíláàsì sílẹ̀, òun àti èéfín àwọn tákísì Micra á jọ máa lọ láti Dùgbẹ̀ dé Mókólá.

Gáàsì AC kì í tán bí epo ṣe ń tán. Ó máa ń jò ni. Bí kò bá sì jò, ó wà níbẹ̀. Nínú píkọ́ọ̀pù tó ti lé ní ogún ọdún, ohun tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná tí kò kan gáàsì rárá pọ̀ lọ jàra: họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ya, wáyà kan tó jóná, ilẹ̀kùn ike kékeré kan tó há sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò lè yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò fúnra rẹ̀ kó tó kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Etí, ọwọ́ àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Píkọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí àwọn ló ń jìyà jù. Hilux àtijọ́, Ford F-150 àti Ranger, Dodge Ram, Nissan, Peugeot 504 tó ṣì ń rìn: àwọn ló ń kó pákó ní Bódìjà, àwọn ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti sìmẹ́ńtì, inú òòrùn ni wọ́n sì ń dúró sí láti àárọ̀ dé alẹ́. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ mẹ́káníìkì tó ti kàn wọ́n kò lóǹkà, olúkúlùkù ló sì ti gé wáyà tirẹ̀.

Ohun tó ń mú òtútù wá

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi òwú tó rin spírìtì nu apá ènìyàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ máa ń tutù nini. Spírìtì náà kò tutù nínú ìgò rẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ lára apá ló ń gba ooru ara lọ. Ohun tí AC ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé spírìtì nọ́ọ̀sì gbẹ dànù, ṣùgbọ́n ti AC wà nínú páìpù tí wọ́n dí pa, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi padà kó lè tún gbẹ, ní àìmọye ìgbà láàárín Bódìjà sí Challenge.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ agbára. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun ló sì ń fún gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná. Gáàsì gbígbóná yìí á lọ sínú kọ̀ǹdẹ́ńsà, irin pẹlẹbẹ tó dúró níwájú rádíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń gba ooru rẹ̀ títí tí yóò fi di omi. Omi náà á gba ojú ihò tóóró kan kọjá sínú evaporator, èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ti débẹ̀, ìfúnpá tó wà lórí rẹ̀ á dínkù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí hó, yóò sì máa gba ooru kúrò lára afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ kọjá. Afẹ́fẹ́ tó ti pàdánù ooru rẹ̀ yìí ló ń fẹ́ lu ojú yín. Gáàsì á wá padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.

Kò síbi kankan nínú ìrìn yìí tí gáàsì ti jóná. R-134a, tí wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà lójú títì wa, máa ń hó nígbà tí òtútù bá wọ ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo lórí Sẹ́ńtígíréèdì, bí wọ́n bá tú u síta gbangba. Ìdí nìyẹn tó fi lè bó ènìyàn lára bí ó bá tú sí i lọ́wọ́. Ṣáájú rẹ̀, R-12 ni wọ́n ń lò, èyí tó ń ba ìpele osónì jẹ́ lójú sánmà. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀ sí lé e kúrò nílẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì yí sí R-134a ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Píkọ́ọ̀pù tó bá dàgbà ju ìgbà yẹn lọ, R-12 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹnì kan bá ti fa R-134a sí i láìpààrọ̀ òróró inú rẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ní í pẹ́ kú, nítorí òróró àtijọ́ kì í bá gáàsì tuntun rìn yí ká.

Àpótí kan náà ni ooru àti òtútù ń gbé

Packard, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ta ọkọ̀ tó ní AC láti ilé iṣẹ́ wá, nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1940. Ẹ̀rọ náà gba ìdajì búùtù. Kò sì sí ohun tó lè já kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́: ẹni tí òtútù bá sú gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì yọ bẹ́líìtì. Lọ́dún 1954 ni Nash kó gbogbo rẹ̀ wá síwájú ọkọ̀, tó pa AC pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná nígbà òtútù. Ọ̀nà yẹn ni gbogbo ọkọ̀ ń tẹ̀ lé títí dòní.

Àpótí ike kan ló wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Inú rẹ̀ ni fáànù wà, òun àti evaporator, àti rádíétọ̀ kékeré kan tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń yan bóyá ìta ni afẹ́fẹ́ yóò ti wá tàbí inú ọkọ̀. Òmíràn ń po ooru pọ̀ mọ́ òtútù bí a bá ṣe yí bọ́tìnnì. Àwọn yòókù ń darí afẹ́fẹ́ sí ojú, sí ẹsẹ̀, tàbí sí gíláàsì iwájú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí ro ti yìnyín mọ́ ọn. Àwa tí a ń lò ó níbí kì í fọwọ́ kan ìhà ooru láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, a sì máa ń gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, pé iná rẹ̀ kò kú.

Torí náà ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká bi ọkọ̀, kó sì jẹ́ ní títẹ̀léra. Ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde? Ṣé ibi tí a rán an ló gbà jáde? Ṣé ó tutù? Ẹni tó bá lọ ra gáàsì ti fo méjì àkọ́kọ́, ó sì ti dáhùn ẹ̀kẹta láìwò ó.

Ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde?

Ẹ tan fáànù láìtan AC, kí ẹ sì yí i láti ìwọ̀n 1 dé 4. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, ẹ wo fíúùsì. Bí fíúùsì bá dára, ẹ fi ìdí sukurudíráfà lu bulówà, ìyẹn mọ́tò fáànù náà, jẹ́jẹ́ lábẹ́ pijinhóòlù. Bí ó bá jí, bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ tán. Yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ ti máa wá òmíràn.

Bí ìwọ̀n 4 nìkan bá ń ṣiṣẹ́, tí 1, 2 àti 3 kọ̀, rẹsísítọ̀ ló jóná. Àmì yìí hàn kedere débi pé kò sí ìdí láti tún máa tú nǹkan mìíràn kiri. Rẹsísítọ̀ ló ń dín iná kù fún àwọn ìwọ̀n kéékèèké. Ìwọ̀n tó ga jù kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, tààrà ni iná rẹ̀ ń lọ. Kò tó àtẹ́lẹwọ́, sukúrù méjì ló sì sábà ń dì í mú. Àmọ́ kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ riwáyà, ẹ bi í léèrè ìdí tó fi jóná. Bulówà tó ti ń wúwo láti yí máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa jó rẹsísítọ̀ tuntun náà láìpẹ́.

Ohun kẹta ni pé fáànù lè máa hó gan-an kí afẹ́fẹ́ má tó nǹkan. Mo dúró ti oníṣẹ́ kan ní Àgbowó nígbà tó tú ìdí bulówà Hilux kan tó ń kó pákó ní Bódìjà. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti ń ṣàròyé: "Ọ̀gá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa gáàsì sí i o, síbẹ̀ kò fẹ́ mi lójú." Oníṣẹ́ náà gbé bulówà sílẹ̀, ó na ọwọ́ wọnú ihò náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú evaporator. A kò rí irin níbẹ̀ mọ́. Lẹ́búlẹ́bú pákó ló ti pò mọ́ omi tó máa ń làágùn lára rẹ̀, ó ti gan mọ́ ọn, ewé máńgòrò gbígbẹ sì há sáàárín. Ó fi ìka ha á, ó bọ́ sílẹ̀ ní ìpele. "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà gbà ni," ló sọ. Omi àti bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ní asẹ́ fún afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀. Ohunkóhun tó bá bọ́ sí abẹ́ wáípà lè rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó bá ń páàkì sábẹ́ igi, tàbí tó ń dúró nínú ọjà pákó, kó máa kó ewé àti ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀ déédéé, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́.

Ṣé ibi tí ẹ rán an ló gbà?

Ẹ yan ojú, afẹ́fẹ́ ń gba ara gíláàsì. Ẹ yan ẹsẹ̀, kò yí padà. Níbí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò, torí bí òtútù bá ń lọ sára gíláàsì, dẹ́rẹ́bà á rò pé òtútù kò sí ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣí àwọn ilẹ̀kùn inú àpótí náà, ọjọ́ orí ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń sọ èwo ni tiyín. Nínú ọ̀pọ̀ Ford àti àwọn Chevrolet kan tí wọ́n ṣe láti àwọn ọdún 1980 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, fákúùmù ló ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra gidigidi nígbà tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà kò bá sí lórí iná. Wọ́n fi họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ yá agbára ìfàmọ́ra yẹn lò, ó ń fa rọ́bà kan tó so mọ́ ilẹ̀kùn. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹná mọ́lẹ̀, ìfàmọ́ra á dínkù. Nítorí náà wọ́n fi ike ṣófo kan sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti tọ́jú rẹ̀ pamọ́, pẹ̀lú fáàfù kékeré kan tí kì í jẹ́ kó sá padà.

Ìlú olókè ni Ìbàdàn, ó sì dára púpọ̀ fún àyẹ̀wò èyí. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń lọ jẹ́jẹ́ ní Ring Road, òtútù ń fẹ́ yín lójú dáadáa. Bí ẹ bá dé Mókólá, tí ẹ tẹná láti gun òkè lọ sí Premier Hotel, afẹ́fẹ́ iwájú á dákẹ́, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ tó ń hó lára gíláàsì. Bí ẹ bá dé òkè tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, á padà sójú yín. Bí ọkọ̀ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti jẹ́wọ́: ìfàmọ́ra ń jò níbì kan, tàbí fáàfù tó ń dá a dúró ti bàjẹ́. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ mú kí afẹ́fẹ́ sá lọ sára gíláàsì bí ìfàmọ́ra bá kọ̀, kí dẹ́rẹ́bà ṣáà lè máa ríran.

Wíwá ibi tó ń jò kò le. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìtẹná, ẹ pa rédíò, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ sẹ́yìn ibi tí ẹ ti ń yí bọ́tìnnì AC. Jíjò rẹ̀ máa ń ké ṣíí. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ lé họ́ọ̀sì náà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti ara ẹ́ńjìnnì dé ibi tó ti wọnú ọkọ̀. Ike ni, ooru ẹ́ńjìnnì ti sun ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa kán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba rọ́bà tí wọ́n á fi so ó pọ̀ kò tó iye gáàsì ẹ̀ẹ̀kan. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé wọ́n ti tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ nítorí họ́ọ̀sì tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.

Ọ̀nà kejì ni okùn wáyà, èyí tó wà nínú Hilux àwọn ọdún 1990 àti àwọn ọkọ̀ tó dàgbà tó o. Bí ọwọ́ tí ẹ ń fà bá fúyẹ́ jù, okùn ti bọ́ lórí ike tó dì í mú. Bí ó bá le jù, ó ti dípẹtà. Ẹ má fipá fà á, torí ilẹ̀kùn tó wà nídìí rẹ̀ ni yóò kán.

Ọ̀nà kẹta ni mọ́tò kékeré aláwọn eyín ike tí wọ́n ń pè ní actuator. Bí ẹ bá tan ọkọ̀ tí ẹ sì gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, eyín kan ti ṣẹ́ nínú rẹ̀, ó ń yọ̀. Nínú Dodge Ram tí wọ́n ṣe láti ọdún 2002 lọ, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ló sábà ń kán. Àwọn mẹ́káníìkì wa kan máa ń fi wáyà so ilẹ̀kùn tó ń po ooru mọ́ ìhà òtútù títí ayé. Èmi kò rí i bí ohun burúkú nílẹ̀ wa, bí wọn kò bá ti di ọ̀nà gíláàsì iwájú.

Ooru tó ń yọ́ wọlé

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fọwọ́ kan páìpù tó nípọn jù nínú méjì tó jáde láti ìhà dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń padà lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù. Bí páìpù náà bá tutù tí omi ń sẹ́ lára rẹ̀, AC yín ń ṣiṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ síbẹ̀, ìhà ooru ló ń bà á jẹ́, gbogbo gáàsì Ìbàdàn kò sì lè wò ó sàn.

Kí mẹ́káníìkì fún họ́ọ̀sì omi gbígbóná tó lọ sínú ọkọ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí tutù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, fáàfù tó yẹ kó dá omi náà dúró ti há, tàbí ilẹ̀kùn ìpòpọ̀ kò pa dé. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì níbí á kàn já rádíétọ̀ kékeré náà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n á so ẹnu họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì bá ojú ọjọ́ wa mu. Kí wọ́n ṣáà lo họ́ọ̀sì gidi, kí wọ́n má fi igi dí i.

Bí inú ọkọ̀ bá ń rùn bí ohun dídùn, tí nǹkan olóròóró ń kù sórí gíláàsì iwájú, tí omi rádíétọ̀ sì ń dínkù, rádíétọ̀ kékeré yẹn ló ń jò.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Yíyọ thermostat, fáàfù tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó bó ṣe yẹ, kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé "ilẹ̀ wa gbóná" kò ran AC lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì nílò láti gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 90 kó tó lè jó epo rẹ̀ dáadáa. Èyí tí kò bá dé bẹ̀ á máa mu epo, á sì máa tètè jẹ. Ọkọ̀ tó ń gbóná jù ní ohun mìíràn tó ń ṣe é.

Ó wá ku òtútù

Afẹ́fẹ́ ń jáde, ó ń gba ibi tó yẹ, ooru kò sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yìí gan-an ló tó àsìkò láti bi AC fúnra rẹ̀ léèrè. Kí ẹnì kan tan án nígbà tí ẹlòmíràn ń wo iwájú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹ ó gbọ́ "tá", irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí bá púlì yí. Bí kò bá gbá mọ́ ọn, ó lè jẹ́ fíúùsì, relay, tàbí swíìṣì tó ń ṣọ́ ìfúnpá, èyí tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ bí gáàsì bá kéré jù. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó ń kọ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, àlàfo àárín irin náà àti púlì ti fẹ̀ jù nítorí ọjọ́ orí. Wọ́n lè yọ wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò lábẹ́ rẹ̀ kó padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí kò ní àìsàn ni wọ́n ti sọ nù nítorí èyí.

Bí ó bá ń gbá, tó ń já, tó tún ń gbá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti dínkù. Ó ti jò nìyẹn.

Bí AC bá tutù lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tó wá ń gbóná nínú go-slow Ìwó Road, kọ̀ǹdẹ́ńsà kò rí afẹ́fẹ́ tó. Eré ọkọ̀ ló ń bá a fẹ́ ẹ lójú ọ̀nà. Nínú go-slow, fáànù nìkan ló ní. Ẹ wò bóyá fáànù iná ti kú, tàbí bóyá fáànù tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ń yí bó ṣe yẹ, tàbí bóyá wọ́n ti yọ ike tó yí i ká dànù nígbà tí wọ́n ń tún rádíétọ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi jẹ́jẹ́ fọ erùpẹ̀ pupa kúrò lójú kọ̀ǹdẹ́ńsà. Omi alágbára tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń lò máa ń tẹ ojú irin rẹ̀ wọlé.

Bí òtútù bá ń wá fún bí ìdajì wákàtí, tí afẹ́fẹ́ wá ń dínkù títí yóò fi dákẹ́, tó sì ń padà lẹ́yìn tí ẹ bá pa AC díẹ̀, yìnyín ló ń bo evaporator. Bí afẹ́fẹ́ kò bá dínkù, tó jẹ́ pé òtútù nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀, omi ti wọnú gáàsì, ó ń dì lójú ihò tóóró yẹn.

Wọ́n tún ń ṣi géèjì tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá gáàsì kà. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa, tí ojú ọjọ́ jẹ́ ìwọ̀n 30, R-134a máa fi nǹkan bí 97 psi hàn. Níwọ̀n ìgbà tí omi gáàsì bá ṣì kù nínú rẹ̀, ì báà kún, ì báà jẹ́ ìdajì, iye yẹn kò yí padà. Ẹni tó bá wo géèjì lórí ọkọ̀ tí a ti pa, tó sọ pé "gáàsì pé", kò tíì mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni géèjì tó sọ̀rọ̀: ìhà kékeré, níbi tí gáàsì ti ń padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, sábà máa ń wà láàárín 25 sí 45, ìhà ńlá, níbi tó ti ń jáde, sì lè kọjá 200 ní ọ̀sán Oṣù Kẹta. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì kéré. Bí méjèèjì bá ga, gáàsì ti pọ̀ jù tàbí kọ̀ǹdẹ́ńsà kò rí afẹ́fẹ́. Bí ìhà ńlá bá lọ sílẹ̀ tí kékeré wá ga, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti rẹ̀.

Omi tó ń kán

Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bí AC bá ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àìsàn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń sẹ́ lára evaporator, ó sì ní páìpù tó ń gbà jáde. Nígbà òjò ó máa ń pọ̀. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni kí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ nígbà tí rọ́gì ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà rin gbindin: páìpù yẹn ti dí. Afẹ́fẹ́ láti ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà sábà máa ń là á.

Agbára AC láti gba ọ̀rinrin yìí náà ló fi ń nu kùrukùru kúrò lára gíláàsì nígbà òjò. Ẹ tan án, ẹ darí rẹ̀ sí gíláàsì, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ẹni tó bá fi í sí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ nìkan, èémí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ń dà padà sára gíláàsì.

Bí wọ́n bá fẹ́ fa gáàsì

Bí ó bá ti dájú pé gáàsì jò, ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé kó wá ibi tó ń jò kó tó fa òmíràn. Òróró máa ń bá gáàsì jáde, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú páìpù tó bá dúdú tó ń yọ̀ ni kó kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ wò. Rọ́bà ojú ìsopọ̀, fáàfù tí wọ́n ń gbà fa gáàsì, iwájú kọ̀ǹdẹ́ńsà tí òkúta ń bà, àti rọ́bà ìdí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló sábà ń jò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń gbẹ bí AC bá pẹ́ láìṣiṣẹ́, torí náà ó dára kí ẹ máa tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kódà nínú ọyẹ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fákúùmù fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì wò bóyá géèjì ń padà. Ọ̀rinrin tó bá kù níbẹ̀ á jẹ irin láti inú. Iye gáàsì tó yẹ wà lára bébà tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní gíráàmù. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ó máa ń wà láàárín ìdajì kílò sí kílò kan. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n. Gáàsì tó pọ̀ jù ń mú òtútù lọ bí èyí tó kéré. Kí wọ́n má sì tú ti àtijọ́ dànù sínú afẹ́fẹ́ láìnídìí, torí kílò R-134a kan ń mú ayé gbóná tó kílò 1,400 èéfín kábọ́nù.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fa gáàsì ìdáná sí i. Ó máa tutù lóòótọ́, owó rẹ̀ sì kéré, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí evaporator bá jò, inú ọkọ̀ tí ẹ ti gíláàsì rẹ̀ pa ni gáàsì náà yóò kún sí, tí ẹnì kan á sì tan ṣìgá tàbí kí swíìṣì kan ta iná.

Bí ó bá sì di dandan kí ẹ pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà Àràròmí ní Agódi Gate, kí ẹ fi iye ihò bóòtù, ẹnu páìpù àti ojú púlì wé èyí tí wọ́n bá gbé síwájú yín. Ẹ fi ọwọ́ yí i. Ó yẹ kó lọ geere láìhan. Ẹ ra drier tuntun, ohun tó ń gba ọ̀rinrin inú gáàsì, mọ́ ọn, torí èyí tó ti rí afẹ́fẹ́ ìta kò lè gba ọ̀rinrin mọ́, kí oníṣẹ́ sì da òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà jáde kó wò ó. Bí ó bá dúdú, tí lẹ́búlẹ́bú irin ń dán nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.